Òrùka Dáyámọ́ǹdì fún Àfẹ́sọ́nà: Ẹ Wò Ó Dáadáa Kí Ẹ Tó Sanwó

  Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń múra àtigbé ìyàwó tàbí àtilọ sílé ọkọ ni ọ̀rọ̀ tòní kàn jù, ṣùgbọ́n kí àwọn òbí má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí apá tó pọ̀ nínú owó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, àpò òbí ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a parí àsàlátù ní àdúgbò wa ní Bulumkutu, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí a jọ máa ń jókòó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n wo àwòrán. Òrùka ni mo rí níbẹ̀, òkúta kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, ó sì ń tàn yànrànyànrán. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ló fi ránṣẹ́. Dáyámọ́ǹdì ni, ó ní òun fẹ́ fi dá ọmọbìnrin kan lọ́nà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tí wọ́n jọ kàwé ní Yunifásítì Maiduguri. Iye tí wọ́n pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé ọdún méjì tí ọmọ náà ń san ní Àbújá. Ìyá yìí bi mí léèrè ohun méjì: ṣé ẹ̀sìn kò kà á léèwọ̀, àti pé báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ bóyá dáyámọ́ǹdì ni tàbí dígí lásán? Èmi fi ìbéèrè kẹta kún un nínú ọkàn mi: bí ọ̀rọ̀ bá yí padà lọ́la, ti ta ni òrùka náà yóò jẹ́?

Ti èèwọ̀ kọ́kọ́ rọrùn. Ẹ̀sìn gba obìnrin láyè láti fi wúrà, fàdákà àti òkúta iyebíye ṣe ọ̀ṣọ́, bí kò bá sí ìfẹfẹ̀ àti ìnákúnàá níbẹ̀. Ọkùnrin ni wúrà ṣe èèwọ̀ fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí èyí, nítorí àṣà kí ọkọ àti ìyàwó jọ wọ òrùka kan náà ti wọ inú ilé wa. Wúrà funfun tí àwọn oníṣòwò ń tà, wúrà náà ni. Wọ́n po irin mìíràn mọ́ ọn kí ó lè funfun ni, kò sì tìtorí pé ó funfun di fàdákà. Fàdákà ni òrùka tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wọ̀, ó sì tó fún ọkọ ìyàwó èyíkéyìí.

Ẹni tó bá sì rò pé òrùka olówó iyebíye ló ń mú yìgì dúró, kí ó bèèrè ìtàn òrùka irin lọ́wọ́ àáfà rẹ̀. Sahl ọmọ Sa'd ló gbà á wá, ó sì wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim. Ọkùnrin kan fẹ́ gbé ìyàwó, kò ní nǹkan kan. Ànábì ní kí ó lọ wá nǹkan wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òrùka irin. Kò rí irin pàápàá. Ohun tó mọ̀ nínú Àlùkùránì ni wọ́n fi so yìgì fún un. Nínú ìlànà Màlíkì tí a ń tẹ̀lé, ìdámẹ́rin dínárì wúrà ni sàdáàkì tó kéré jù lọ. Bí a bá wọ̀n ọ́n lónìí, díẹ̀ ló fi lé ní gíráàmù kan. Èmi kò sọ pé kí gbogbo ọmọ wa lọ san èyí tó kéré jù, ṣùgbọ́n ó dára kí a mọ ibi tí ilẹ̀ wà kí a tó máa gun òkè.

Níbo wá ni òrùka dáyámọ́ǹdì ti wá? Ní ìdáná wa nílẹ̀ Yorùbá, ẹ mọ̀ pé alága ìjókòó máa ń ní kí ìyàwó mú ohun kan ṣoṣo nínú ẹrù tí wọ́n kó wá. Àlùkùránì ni ọmọ wa máa ń mú, òrùka sì máa ń wà lára rẹ̀. Òrùka wúrà ni, kò sí ẹni tó ń bèèrè òkúta. Àwọn ará Maiduguri tó gbà wá lálejò náà kò bèèrè rẹ̀: àpótí aṣọ tí wọ́n ń pè ní lefe ni wọ́n ń kó, àwọn ìyá wa Kanuri àti Shuwa sì ń to wúrà sọ́rùn àti sọ́wọ́. Pé kí gbogbo ọkùnrin fi dáyámọ́ǹdì dá ìyàwó lọ́nà, kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó di àṣà káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá. Ní ọdún 1938, ilé iṣẹ́ De Beers tó ń wa òkúta yìí ní Gúúsù Áfíríkà gba àwọn apolówó ọjà ní Amẹ́ríkà kí wọ́n bá òun mú un wu àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1947, obìnrin kan láàrin wọn, Frances Gerety, kọ gbólóhùn kúkúrú kan tó so òkúta náà mọ́ ìfẹ́ tí kì í kú. Gbólóhùn náà ṣiṣẹ́ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún kọ́ àwọn ọkùnrin pé owó oṣù méjì ló yẹ kí wọ́n fi ra òrùka. Ẹni tó ń ta ọjà ló fi iye lélẹ̀ fún ẹni tó ń rà á! Kò sí ohun tó burú nínú kí ohun dáradára wù wá, ṣùgbọ́n kí a mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún wa pé a kò lè ṣe aláìní in.

Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ dáyámọ́ǹdì jìnnà sí wa ní Borno. Kò jìnnà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, ibodè Gamboru-Ngala, ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ni wọ́n ti mú Charles Taylor, ààrẹ Liberia tẹ́lẹ̀, nígbà tó fẹ́ sá gba ibẹ̀ kọjá sí Kamẹrúùnù. Maiduguri ni wọ́n gbé e gbà kí bàálù tó gbé e padà lọ sí Liberia, tí wọ́n sì gbé e láti ibẹ̀ lọ sí Freetown. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ àkànṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ fún Sierra Leone dá a lẹ́bi pé ó ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́, pé ohun ìjà ń lọ sọ́dọ̀ wọn, dáyámọ́ǹdì sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n 50 ọdún ni wọ́n jù ú sí. Láti ọdún 1930 ni wọ́n ti rí òkúta yìí ní Sierra Leone, agbègbè Kono ló sì pọ̀ sí jù. Nígbà tí ogun jà níbẹ̀ láti ọdún 1991 títí di 2002, òun ni wọ́n fi ń ra ìbọn, tí wọ́n sì ń gé ọwọ́ ọmọ ènìyàn. Ọwọ́ kan náà tí à ń wá òrùka fún.

Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe gbé ètò Kimberley kalẹ̀ ní ọdún 2003, pé kí ìjọba máa fi ìwé ẹ̀rí ti dáyámọ́ǹdì tí wọn kò tíì gé lẹ́yìn kí ó tó kúrò ní ìlú. Ètò náà wúlò, ṣùgbọ́n kò bo gbogbo ihò: òkúta tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ń bá ìjọba jà nìkan ló kà sí òkúta ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ìlú wo ni wọ́n ti wà á. Ẹni tó mọ ọjà rẹ̀ kò ní í bínú sí ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ òkúta náà wò fúnra rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni wọ́n fi ń dá owó lé e: ìwọ̀n rẹ̀, bí wọ́n ṣe gé e, àwọ̀ rẹ̀, àti bí inú rẹ̀ ṣe mọ́ sí. Kárátì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa, nítorí láti inú èdè Gíríìkì ló ti gba inú èdè Lárúbáwá kọjá dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó. Òun ni qirat tí àáfà máa ń dárúkọ bí ó bá ń sọ ẹ̀san ẹni tó kírun sí òkú lára, tó sì sìn ín dé ibojì. Kárátì dáyámọ́ǹdì kan jẹ́ ìdá márùn-ún gíráàmù kan péré. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ kárátì wúrà, nítorí ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀n. Ó ń sọ bí wúrà ṣe pọ̀ tó nínú ohun tí wọ́n rọ ni. Èyí tí kò ní àbùlà jẹ́ 24. Òǹkà 750 tí ẹ ń rí nínú òrùka túmọ̀ sí 18, 875 túmọ̀ sí 21 tí àwọn alálàájì wa máa ń rà bọ̀ láti Mẹ́kà, 916 sì túmọ̀ sí 22.

Nínú ohun mẹ́rin yìí, bí wọ́n ṣe gé e ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí. Òkúta tí wọ́n gé dáadáa yóò gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, yóò sì dá a padà sójú ẹni tó ń wò ó. Èyí tí wọ́n gé jìn jù tàbí tí wọ́n gé pẹlẹbẹ jù yóò kú ní àárín, bí ó tilẹ̀ tóbi. Àwọ̀ ni wọ́n ń fi lẹ́tà pè, láti D tí kò ní àwọ̀ rárá títí dé Z tó ti pọ́n díẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi òkúta sórí òrùka, ojú lásán kì í tètè mọ ìyàtọ̀ láàrin D àti G, ṣùgbọ́n àpò yóò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú rẹ̀: bí ojú kò bá rí àbùkù kankan, àbùkù tí awò nìkan lè rí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Owó sì máa ń fò sókè níbi tí ìwọ̀n bá ti pé kárátì kan géérégé. Èyí tó jẹ́ 0.90 yóò dín lówó gan-an, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbejì ni wọ́n lójú.

Ti ayédèrú ńkọ́? Dígí tètè ń họ. Òkúta tí wọ́n ń pè ní cubic zirconia, tó gbòde láti nǹkan bí ọdún 1976, wúwo ju dáyámọ́ǹdì tí wọ́n jọ tóbi bákan náà lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ó lé. Bí ẹ bá fi èémí ẹnu yín fẹ́ dáyámọ́ǹdì, ìkùukùu orí rẹ̀ máa ń parẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ti dígí máa ń pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí èémí san owó ilé ọdún méjì. Ẹ̀rọ kékeré alábẹ́rẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà kan ń lò, tó ń fi bí ooru ṣe ń gba inú òkúta kọjá dá a mọ̀, òkúta mìíràn tí ń jẹ́ moissanite máa ń tàn án jẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù lu òkúta yín kí ó lè dán an wò. Lóòótọ́, kò sí òkúta tó le tó o láti họ, ṣùgbọ́n bí òòlù bá bà á níbi tí kò dára, yóò là sí méjì.

Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú báyìí ni dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò. Ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ló ṣe ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ ní ọdún 1954. Lóde òní, China àti India ń ṣe é rẹpẹtẹ, owó rẹ̀ sì ti já wálẹ̀ gidigidi. De Beers fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 2018 lábẹ́ orúkọ Lightbox, ó sì kéde ní ọdún 2025 pé òun yóò ti í pa. Kì í ṣe ayédèrú. Dáyámọ́ǹdì ni nínú àti lóde, ojú kò sì lè yà á sọ́tọ̀, àfi ẹ̀rọ ńlá. Bí ọmọ yín bá rà á pẹ̀lú ìmọ̀, tó sì sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Kí wọ́n tà á fún un ní iye ti èyí tí wọ́n wà nínú ilẹ̀, ìyẹn ni ẹ̀tàn. Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí láti ilé àyẹ̀wò tí ayé mọ̀, bíi GIA ti Amẹ́ríkà tó ti wà láti ọdún 1931. Nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà ni wọ́n sábà máa ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà fín sí ìbàdí òkúta náà. Ẹ fi awò ka ti ara òkúta, ẹ ka ti orí ìwé, kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára mu, ẹ dìde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún 2014, nígbà tí ẹ̀rù gba ìlú Maiduguri kan, mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Ogbomọ̀ṣọ́, ìlú bàbá wọn, owó ọkọ̀ kò sì sí. Mo mú ẹ̀gbà ọwọ́ tí ìyá mi rà fún mi nígbà tí wọ́n lọ sí Háájì, mo gbé e tọ alágbẹ̀dẹ wúrà lọ. Ó wo 875 tó wà nínú rẹ̀, ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó sì ka owó fún mi. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Aládùúgbò mi kan tí a jọ lọ mú òrùka olókùúta tí ọkọ rẹ̀ rà fún un láti Dubai lọ́wọ́. Ọkùnrin náà fi irin ṣóńṣó yọ òkúta kúrò, ó wọn wúrà tó kù, ó sanwó ìyẹn, ó wá we òkúta mọ́ bébà, ó sì dá a padà fún un. Kò rẹ́ ẹ jẹ. Kò ní ohun tí yóò fi mọ irú òkúta tó jẹ́, kò sì mọ ẹni tí yóò tà á fún. Ìwé rẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Ohun tó wọ́n jù nínú òrùka yẹn ni kò gbé e kúrò nínú ìlú.

Ìyá mi wà ní Bulumkutu ní oṣù kẹwàá ọdún 1982, nígbà tí ìjà Maitatsine bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò wa gan-an. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti máa ń sọ pé ọrọ̀ obìnrin ni èyí tó lè dì sí ìṣẹ́tí aṣọ. Nígbà tí iná jó Monday Market ní oṣù kejì ọdún 2023, tí omi Alau sì ya wọ ìlú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, mo tún rántí wọn. Dáyámọ́ǹdì kéré lóòótọ́, ó ṣeé dì, ṣùgbọ́n kì í yára di owó; kódà ní àwọn ìlú ńlá òkè òkun, ẹni tó bá fẹ́ tà á padà máa ń gba iye tó kéré jìnnà sí èyí tó fi rà á. Wúrà ti wọ́n o, mo mọ̀: ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó kọjá 4,000 dọ́là lórí ìwọ̀n áúnsì kan. Ìyẹn gan-an ni mo fi ń sọ pé kí owó wọ inú wúrà ju inú òkúta lọ. Bí òkúta bá sì wu ọmọ, ti ilé wa náà wà. Òkúta tourmaline pupa àti aláwọ̀ ewé ń jáde ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, sapphire aláwọ̀ búlúù sì ń jáde ní òkè Mambilla ní Taraba. Wọn kò le tó dáyámọ́ǹdì, ṣùgbọ́n wọ́n lẹ́wà, wọn kò sì gbani lówó tó bẹ́ẹ̀.

Mo ṣèlérí ìbéèrè kẹta. Ṣé ẹ̀bùn ni òrùka yìí, tàbí ara sàdáàkì? Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í sọ ọ́, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sàdáàkì, tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń so yìgì, ti obìnrin ni, kò sí ìyá ọkọ tó lè ní kí ó kó o wá. Bí ọkọ bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé tọ ara wọn, ìdajì sàdáàkì ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn àfẹ́sọ́nà, tí yìgì kò sì tíì so, ohun tí àwọn onímọ̀ Màlíkì sọ ni pé bí ọkùnrin ló bá yẹ àdéhùn, kò lè gbà á padà. Bí obìnrin ló bá yẹ̀ ẹ́, ọkùnrin lè béèrè rẹ̀, àyàfi bí àdéhùn tàbí àṣà ìlú bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ẹ pe Ìmáàmù yín kí ó ṣàlàyé rẹ̀ níwájú ẹbí méjèèjì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: òrùka wo, ìwọ̀n wúrà rẹ̀, nọ́ńbà òkúta rẹ̀, ẹ̀bùn ni tàbí sàdáàkì.

Nǹkan kékeré méjì kan kù. Ìka máa ń wú nínú ooru oṣù kẹrin wa níhìn-ín, ó sì máa ń rù ní àárọ̀ ọyẹ́. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ìka ọmọ náà, kì í ṣe ní kùtùkùtù oṣù kìíní. Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe de òkúta mọ́ òrùka. Èyí tó dúró lórí irin mẹ́rin ṣóńṣó rẹwà, ṣùgbọ́n yóò máa kọ́ mọ́ ìborùn, ìyẹ̀fun yóò sì máa há sí i lábẹ́. Èyí tí wúrà yí ká ètí rẹ̀ dára jù fún ọwọ́ tó ń po àkàrà, tó ń fọ aṣọ, tó sì ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́. Ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ dáyámọ́ǹdì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ló ń mú kí ó tàn padà.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ìyá yẹn, òun náà sì sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé ọmọbìnrin náà yóò bínú sí wa. Kò bínú. Òun ló sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé kí wọ́n wá òrùka wúrà oní-18 tí òkúta rẹ̀ kò ju 0.30 lọ, kí èyí tó kù nínú owó náà di ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà, kí wọ́n sì dárúkọ ẹ̀gbà náà ní sàdáàkì. Lẹ́yìn Jímọ̀ tó kọjá ni ìyá ọkọ rẹ̀ tún pè mí sórí fóònù, ó ní ẹnìkan fẹ́ kí mi. Ọmọ náà ni. Òrùka ti dé, awò alágbẹ̀dẹ sì wà lójú rẹ̀ bí ó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ka nọ́ńbà ìbàdí òkúta náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Ó wá ka ti orí ìwé. Wọ́n bára mu.